Máàkì àwọn ọmọ já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò ìlera: ṣé ètò náà ló kùnà ni àbí fọ́ọ̀mù ìbéèrè wa?

ÀdùnníÌlera

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì mọ̀ pé àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ wà níbí. Àjọ kékeré kan ni mo ń bá ṣiṣẹ́, a ṣe ètò ìlera fún oṣù mẹ́ta ní ilé-ìwé mẹ́fà, àwọn ọmọ ọdún 8 sí 11. Ọwọ́ fífọ̀, eyín fífọ̀, eré ìdárayá, oorun tó tó, nǹkan mẹ́rin yẹn la dojú kọ. A fún wọn ní fọ́ọ̀mù kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, a tún fún wọn ní èyí kan náà nígbà tó parí, ìbéèrè 20, ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin: nígbà gbogbo, lọ́pọ̀ ìgbà, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, rárá. A wá sọ gbogbo ẹ̀ di máàkì lórí 100.

Ṣáájú ètò, 82. Lẹ́yìn ètò, 74.

Àyà mi já nígbà tí mo rí i. Ọ̀gá mi ti ní ká kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ètò náà ò ṣiṣẹ́, pé ó tiẹ̀ dà bí ẹni pé ó ba ìwà àwọn ọmọ jẹ́ ni, àwọn tó fún wa lówó á sì kà á bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo wà níbẹ̀ o, mo fojú mi rí àwọn ọmọ tó ń tò sídìí omi kí wọ́n tó jẹun, àwọn tíṣà náà ń sọ ọ́ fún mi láìjẹ́ pé mo bi wọ́n. Èwo ni kí n gbà gbọ́, ojú mi ni àbí fọ́ọ̀mù? Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó buwọ́ lu nǹkan tí kì í ṣòótọ́.

Onísirò

Ẹ kú làálàá o. Ẹ má tíì buwọ́ lu nǹkan kan. Ojú yín náà kì í ṣe ẹ̀rí tó dá dúró o, ẹ má bínú, torí ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ ẹ̀, ibi tó dáa lójú ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bà lé. Àmọ́ fọ́ọ̀mù náà ò tíì fi hàn pé òun mọ ohun tóun ń wọ̀n.

Ẹ dá mi lóhùn. Ṣé ọmọ tó kọ ti àkọ́kọ́ náà ló kọ ìkejì, ṣé ẹ lè so méjèèjì pọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan? Àwọn tí ò wá lọ́jọ́ kejì ńkọ́? Ṣé ilé-ìwé kan wà tí ẹ ò tíì ṣe ètò fún tẹ́ ẹ sì fún ní fọ́ọ̀mù kan náà lákòókò kan náà? Àti pé 82 tẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ yẹn ń kọ mí lóminú gan-an. Ọmọ tó bá ti ní "nígbà gbogbo" lòun ń ṣe é kẹ́ ẹ tó kọ́ ọ, ibo ló tún kù tó máa gùn dé? Orí ẹ̀ ti kan àjà. Tó bá wá ṣe dáadáa sí i, kò síbi tó máa kọ ọ́ sí nínú fọ́ọ̀mù yẹn, ìsàlẹ̀ nìkan lọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún un.

TíṣàKíláàsì3

Ẹ jẹ́ kí n fi ti tíṣà kún un. Ta ló ka ìbéèrè sétí àwọn ọmọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Torí ọmọ ọdún 8 ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ ìwádìí, ìdánwò ló mọ̀. Tó bá ti rí bébà, tó rí ibi tí wọ́n ní kó kọ orúkọ sí, tí tíṣà wá dúró sẹ́yìn ẹ̀, ìdáhùn tó máa dùn mọ́ tíṣà nínú ló máa wá. Mi ò fẹ́ ká pe ọmọ kankan ní òpùrọ́ níbí o, nǹkan tí àwa fúnra wa kọ́ ọ pé kó máa ṣe níwájú bébà ló ń ṣe yẹn.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi bi wọ́n. Lọ́dún kan wọ́n gbé irú fọ́ọ̀mù báyìí wá sí kíláàsì mi, ọmọkùnrin kan wà tí kì í jókòó, bí agogo ìsinmi bá ti dún ó ti sáré dé òpin pápá. Wọ́n bi í bóyá ó máa ń ṣe eré ìdárayá, ó mú "rárá". Mo bi í lẹ́yìn náà, ó ní wọn ò mú òun fún ìdíje eré sísá. Lójú tiẹ̀, àwọn tí wọ́n mú yẹn nìkan ló ń ṣe eré ìdárayá, òun kàn ń ṣeré ni. Inú mi bàjẹ́ torí mo mọ̀ pé níbì kan, ẹnì kan ti kà á mọ́ àwọn ọmọ tí kì í mira.

ÀdùnníÌlera

Háà. Tíṣà, ẹ ti bà á.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn tíṣà ló ka ìbéèrè, àwọn ọmọ sì kọ orúkọ wọn. Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan nínú wa sọ pé orúkọ kò dáa torí àṣírí, a wá lo nọ́ńbà, àwa fúnra wa la kà á, àwọn tíṣà dúró síta. Mo rò pé àtúnṣe là ń ṣe nígbà yẹn. Onísirò, torí ẹ̀ náà ni mi ò fi lè so méjèèjì pọ̀ fún gbogbo wọn, àfi ilé-ìwé kan ṣoṣo tí tíṣà ti kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tó sì tọ́jú ìwé náà. Kò sí ilé-ìwé tí a kàn wò láìṣe ètò fún.

Olùwádìí_Ọmọdé

Àtúnṣe tó dáa ni, ìgbà tẹ́ ẹ ṣe é ni kò dáa. Ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà béèrè ti yí láàárín méjèèjì, nítorí náà òṣùwọ̀n méjì ni 82 àti 74, wọn kì í ṣe òṣùwọ̀n kan tẹ́ ẹ lò lẹ́ẹ̀mejì.

Àmọ́ ká tiẹ̀ ní ẹ ò yí nǹkan kan padà, máàkì ṣì lè já wálẹ̀ láìjẹ́ pé ìwà ọmọ bàjẹ́. Ẹ bi ara yín léèrè: kí ni "mo máa ń fọ ọwọ́ mi dáadáa" túmọ̀ sí lójú ọmọ yẹn kẹ́ ẹ tó dé? Ó lè jẹ́ pé kó ki ọwọ́ bọ omi kó sì gbọ̀n ọ́n dànù ni. Ẹ wá dé, ẹ kọ́ ọ pé ọṣẹ gbọ́dọ̀ wọlé, pé ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, abẹ́ èékánná, ìṣẹ́jú-àáyá 20 ó kéré tán. Ó ti gbọ́ ọ yé. Nígbà tẹ́ ẹ bi í lẹ́ẹ̀kejì, ohun tuntun tó mọ̀ yẹn ló fi wọn ara ẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe "nígbà gbogbo" lòun ń ṣe gbogbo ìyẹn, ó mú "lọ́pọ̀ ìgbà". Ọmọ yẹn lè máa fọ ọwọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ o, máàkì ẹ̀ á sì já. Òótọ́ inú ẹ̀ ló ń jẹ́ kí máàkì já.

Àwọn oníwádìí ń pe èyí ní response shift. George Howard àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1979, ọ̀nà tí wọ́n sì dábàá ni pé lẹ́yìn ètò, kí èèyàn dáhùn lẹ́ẹ̀mejì: báwo lo ṣe rí báyìí, àti pẹ̀lú ohun tó o mọ̀ báyìí, báwo lo ṣe rí nígbà yẹn gan-an? Fún àgbàlagbà, ó wúlò. Fún ọmọ ọdún 8, mi ò ní gbé gbogbo ara lé e, torí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn jìnnà gan-an sí wọn, ọmọ tó sì ti mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí òun ti dáa sí i á kàn fi ìgbà yẹn sísàlẹ̀ kó lè dùn mọ́ yín nínú. Àwọn ọmọ ọdún 10, 11 lè gbìyànjú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá jókòó tì wọ́n.

AláṣeÈtò

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí dáa o àmọ́ àjọ kékeré ni, owó dà? Mo ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó bi àwọn ọmọ ní ohun tí wọ́n mọ̀, ìgbà wo ló yẹ kéèyàn fọ ọwọ́, kí ló ń fa kí eyín jẹrà. Ìyẹn kì í já wálẹ̀ láé, ó sì rọrùn láti ṣe. Bákan náà, ẹnì kan ti ṣírò Cronbach's alpha fún fọ́ọ̀mù tiwa, ó fún wa ní 0.81. Ṣebí 0.70 ni wọ́n ní ó tó? Fọ́ọ̀mù náà dáa nìyẹn.

Onísirò

Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti máa ń ṣubú nìyẹn. Àtọdún 1951 ni Cronbach ti kọ̀wé nípa alpha, ohun tó sì ń sọ kò ju pé àwọn ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù ń bá ara wọn lọ. Kò sọ pé òótọ́ ni wọ́n ń gbé jáde, kò sì sọ pé wọ́n lè rí i tí ọmọ bá yí padà. Tí àwọn ọmọ tó ń bẹ̀rù tíṣà bá ń mú "nígbà gbogbo" nídìí ìbéèrè 20, tí àwọn tí ò bẹ̀rù sì ń mú "lọ́pọ̀ ìgbà", alpha yín á ga dáadáa, ìbẹ̀rù lẹ sì ń wọ̀n. Kí ló tiẹ̀ ní kí eyín fífọ̀ àti eré sísá máa rìn pọ̀? Ọmọ lè máa fọ eyín láàárọ̀ lálẹ́ kó má sì kúrò níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ìwà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ kó pọ̀ sínú máàkì kan ṣoṣo, ẹ tú wọn ká, ẹ wo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àdùnní, ẹ̀yin náà ni mò ń bá wí níbí o.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni bóyá fọ́ọ̀mù náà dúró lójú kan. Ẹ fún àwọn ọmọ kan ní fọ́ọ̀mù, kí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kọjá láìsí ètò kankan, kẹ́ ẹ tún fún wọn. Nǹkan ò yí nígbèésí ayé wọn, kò yẹ kí ìdáhùn yí púpọ̀. Nọ́ńbà méjì ló ń fi hàn bí ìdáhùn ẹ̀ẹ̀mejì ṣe bára mu tó: kappa tí Cohen gbé jáde lọ́dún 1960 wà fún ìdáhùn onípín-ìpín bíi tiyín, intraclass correlation wà fún máàkì. Látinú ẹ̀ lẹ ti máa mọ bí máàkì ọmọ kan ṣe lè mì lásán. Ká ní àṣìṣe òṣùwọ̀n náà jẹ́ 5 lórí 100: 1.96 (nọ́ńbà tí wọ́n ń lò fún ìdánilójú 95 nínú 100) lọ́nà 1.41 (torí ẹ̀ẹ̀mejì lẹ wọ̀n ọ́n) lọ́nà 5, ó ń lọ bí 14. Ìyẹn ni pé fún ọmọ kan ṣoṣo, máàkì gbọ́dọ̀ yí ju 14 lọ kẹ́ ẹ tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọmọ yẹn ti yí padà. Fún àpapọ̀ ọmọ púpọ̀ ó máa ń kéré sí ìyẹn, àmọ́ kò kéré tó bẹ́ ẹ ṣe rò, torí ilé-ìwé lẹ mú, ẹ ò mú ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kan náà, omi kan náà, tíṣà kan náà, wọ́n á jọra. Ká ní ọmọ 40 ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, 240 lápapọ̀, kí ìjọra yẹn sì jẹ́ 0.05 péré: 1 pẹ̀lú 39 (ọmọ yòókù ní ilé-ìwé kan náà) lọ́nà 0.05, ó di 2.95. Ẹ fi pín 240, ó ń lọ bíi 81. Ẹ ní ọmọ 240 lójú, ohun tí wọ́n sọ fún yín kò ju ti ọmọ 81 lọ.

Olùwádìí_Ọmọdé

Lórí ti ìmọ̀ tí AláṣeÈtò sọ: òótọ́ ni pé kì í sábà já wálẹ̀, ewu tó wà nínú ẹ̀ gan-an nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, ètò D.A.R.E. bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles lọ́dún 1983, ọlọ́pàá ló ń wá sí kíláàsì láti kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n yàgò fún oògùn olóró. Lọ́dún 1994 àwọn kan kó àyẹ̀wò oríṣiríṣi lórí ẹ̀ jọ, ohun tó jáde ni pé ìmọ̀ àwọn ọmọ lé sí i, àmọ́ lórí oògùn lílò gan-an, ìyàtọ̀ tó wà kéré jọjọ. Tó bá jẹ́ ìmọ̀ nìkan ni wọ́n wọ̀n, gbogbo èèyàn ì bá máa yọ̀.

MàmáTọ́pẹ́

Mi ò kì í ṣe oníwádìí o, ìyá lásán ni mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Wọ́n ti fún mi ní irú fọ́ọ̀mù yìí rí pé kí n bá ọmọ mi kọ ọ́. Wọ́n bi mí bó ṣe ń fọ ọwọ́ nílé-ìwé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Mo kọ "lọ́pọ̀ ìgbà" torí bí mo ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn, kí wọ́n má sì wò mí bí ìyá tí ò tọ́jú ọmọ. Títí dòní ó ń dùn mí pé mo kọ ọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá bi mí nípa oorun ẹ̀, ìyẹn mo mọ̀, mo mọ aago tó ń sùn àti aago tó ń jí.

Olùwádìí_Ọmọdé

Màmá, ẹ ṣé gan-an fún òótọ́ yìí. Ohun tí òbí rí ni ká bi òbí, ohun tí ọmọ rí ni ká bi ọmọ. Fọ́ọ̀mù PedsQL tí wọ́n fi ń wádìí bí ara ṣe rí fún ọmọ ní ti ọmọ àti ti òbí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ti ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 5, ti òbí láti ọdún 2, ìdáhùn méjèèjì kì í sì í sábà bára mu délẹ̀délẹ̀. Tí wọn ò bá bára mu, ẹ má sáré sọ pé ọmọ ló ṣì í.

Àdùnní, ibo lẹ ti mú ìbéèrè 20 yẹn?

ÀdùnníÌlera

Púpọ̀ nínú wọn wá látinú fọ́ọ̀mù GSHS, ìwádìí ìlera àwọn ọmọ ilé-ìwé ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, a tú u sí Yorùbá. A rò pé torí orúkọ tó wà lórí ẹ̀, kò lè láṣìṣe.

Olùwádìí_Ọmọdé

Kò láṣìṣe fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún. Ọdún 2003 ló bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ọdún 13 sí 17 ló wà fún. Ó ń béèrè pé láàárín ọjọ́ 30 tó kọjá, báwo lo ṣe ń fọ ọwọ́ sí kó o tó jẹun. Pé láàárín ọjọ́ 7, ọjọ́ mélòó lo fi ara ṣiṣẹ́ tó ìṣẹ́jú 60 ó kéré tán. Ọmọ ọdún 15 lè gbìyànjú ẹ̀. Ọmọ ọdún 8 ò lè ka ọjọ́ 30 sẹ́yìn lórí, kò sì mọ bí ìṣẹ́jú 60 ṣe gùn tó. Ẹ bi í nípa àná: nígbà tí agogo ìsinmi dún lánàá, kí lo ṣe? Nígbà tó o délé ńkọ́, kó o tó sùn? Ìyẹn ní ẹsẹ̀ tó fi dúró nínú ọpọlọ ẹ̀.

Ohun kejì, GSHS àti HBSC, ìwádìí mìíràn tó jọ ọ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin fún àwọn ọmọ ọdún 11, 13 àti 15, àwòrán gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń yà. Ọmọ mìíràn ni wọ́n ń bi nígbà kọ̀ọ̀kan. Wọn ò ṣe é láti mọ̀ bóyá ọmọ kan báyìí yí padà láàárín oṣù mẹ́ta.

TíṣàKíláàsì3

Ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ yẹn náà, ẹ dákun. Tẹ́ ẹ bá bi ọmọ pé "ṣé o kì í fọ eyín lálẹ́?" tó bá ní "bẹ́ẹ̀ ni", ohun tó ń sọ ni pé lóòótọ́, òun kì í fọ̀ ọ́. Tí ẹni tó tú fọ́ọ̀mù bá ń ronú lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó lè kà á sí pé ọmọ ń fọ eyín. Ẹ yọ gbogbo ìbéèrè tó ní "kò" àti "kì í" kúrò pátápátá, àwọn ọmọdé máa ń sọnù sínú ẹ̀ ní èdè èyíkéyìí.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Àdùnní ọmọ mi, mo ti ka gbogbo ẹ̀ látòkè. Ohun tó o lè fojú rí, má fi ẹnu nìkan béèrè ẹ̀. Wọn ọṣẹ ìdí omi lórí ìwọ̀n láràárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kò náni lówó púpọ̀. Ti eyín, oògùn kan wà tí ọmọ máa jẹ tó máa fi àwọ̀ hàn níbi tí ìdọ̀tí ṣì wà lára eyín. Ti eré, àwọn tó lówó ń lo accelerometer, ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ̀ bí ara bá ń mì, tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí tàbí ọrùn ọwọ́, àmọ́ òun náà ní àléébù, ọmọ lè bọ́ ọ tó bá fẹ́ wẹ̀, tó bá sì ń wa kẹ̀kẹ́, èyí tó wà ní ìbàdí ò rí i dáadáa.

Kí o má sì rò pé jíjókòó wò wọ́n ló parí ẹ̀. Ní Bangladesh, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ̀ bí nǹkan bá mì sínú ọṣẹ, wọ́n gbé e sílé àwọn èèyàn, wọ́n sì rí i pé lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá wá jókòó tó ń wò wọ́n, ọṣẹ máa ń mì ju ọjọ́ yòókù lọ. Ìtò sídìí omi tó o rí yẹn, ṣé wọ́n ń tò bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ò wá? Tíṣà ló lè sọ ìyẹn, àti ìwọ̀n ọṣẹ.

ÀdùnníÌlera

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀yin èèyàn mi. Mo padà lọ sí ilé-ìwé tí tíṣà ti tọ́jú orúkọ àti nọ́ńbà, mo gba àyè lọ́wọ́ àwọn òbí, mo jókòó ti ọmọ mẹ́wàá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò bi wọ́n ní ìbéèrè fọ́ọ̀mù, mo ní kí wọ́n ka ìbéèrè náà fún mi kí wọ́n sọ ohun tó ń bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ ara wọn. Mẹ́ta ò mọ ìyàtọ̀ láàárín "lọ́pọ̀ ìgbà" àti "lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan". Ọ̀kan ní "oorun tó tó" ni kéèyàn sùn ní kíláàsì. Ọmọbìnrin kan tí máàkì ẹ̀ já gan-an, mo fi fọ́ọ̀mù méjèèjì hàn án, ó wo ti àkọ́kọ́, ó ní "Àǹtí, nígbà yẹn mi ò mọ̀ pé ẹ̀yìn ọwọ́ wà nínú ẹ̀." Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Mo ti mú gbogbo ẹ̀ lọ bá ọ̀gá mi. A ò ní kọ pé ètò kùnà, a ò sì ní kọ pé ó ṣiṣẹ́, torí ohun tó wà lọ́wọ́ wa ò lè sọ èyíkéyìí nínú ẹ̀. Máàkì méjèèjì máa wà nínú ìròyìn, pẹ̀lú bí a ṣe yí ọ̀nà ìbéèrè padà láàárín, a ò ní fi pamọ́. Inú ọ̀gá ò dùn sí ìyẹn, àmọ́ ó gbà. Fún ìpele tó ń bọ̀, ilé-ìwé mẹ́jọ ló forúkọ sílẹ̀, a máa fi ìbò yan mẹ́rin tó máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin yòókù á dúró oṣù mẹ́ta kó tó kàn wọ́n, a ó sì fún gbogbo wọn ní fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ kan náà, ẹnì kan náà ló máa kà á, nọ́ńbà ni látìbẹ̀rẹ̀.

Onísirò

Ilé-ìwé mẹ́rin mẹ́rin kéré o, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó má di ẹ̀bi mi lọ́la. Àmọ́ ó ju kò sí lọ ní ìlọ́po. Ẹ fún àwọn tó ń dúró ní fọ́ọ̀mù tuntun náà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ibẹ̀ lẹ ti máa rí bó ṣe ń mì.

ÀdùnníÌlera

Mo ti kọ ìyẹn sílẹ̀. Ìbéèrè ti dín sí 9 báyìí, gbogbo wọn lórí àná. Nọ́ọ̀sì àgbà, mo ti ra ìwọ̀n ọṣẹ. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ fi ìbéèrè 9 yẹn ránṣẹ́ sí yín kẹ́ ẹ kà á fún ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ní kíláàsì yín kí n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, tí àwọn òbí wọn bá gbà.

TíṣàKíláàsì3

Ẹ fi ránṣẹ́. Ọmọ tó ń sáré yẹn ti wà ní kíláàsì 5 báyìí, òun ni mo máa kọ́kọ́ kà á fún.